Òróró Lárà àti Ẹ́ńjìnì Ìbejì Méjì

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ mi obìnrin jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó fi orí ọmọ tirẹ̀ há àárín orúnkún, ó ń fi òróró kan pa á nírun. Káásítọ̀ ni wọ́n ń pè é. Inú ìgò dúdú kúkúrú ló wà, wọ́n ya obìnrin kan tí irun rẹ̀ gùn dé ìdí sí i lára. Mo ń lọ mú ìgbálẹ̀ ni òórùn rẹ̀ gbá mi nímú, ẹsẹ̀ mi sì dúró fúnra rẹ̀. Ọmọ mi gbójú sókè, ó ní, "Yèyé, ṣé kò sí?" Mo ní kò sí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nǹkan wà. Òróró lárà ni ohun tó wà nínú ìgò yẹn, orúkọ ló kàn pààrọ̀. Ní ayé tiwa, ọmọ tí inú rẹ̀ bá le ni wọ́n máa ń fún mu, á sì mọ̀ pé òun mu nǹkan. Èmi ní tèmi, ẹ́ńjìnì ni mo fi ń bọ́.

Tí òróró yìí bá jó nínú irin gbígbóná, tó bá ń tú èéfín funfun jáde, kò sí lọ́fíńdà tó lè dùn tó o ní imú mi. Òun ni òórùn ọjọ́ tí wọ́n rẹ́ wa jẹ, òun náà sì ni òórùn ọjọ́ tí mo gbẹ̀san. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ó ka èyí, wọ́n ti kọ́ yín ní ṣọ́ọ̀ṣì àti ní mọ́ṣáláṣí pé kí ẹ máa dárí jini. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ máa dárí jini. Ohun tí èmi ṣe ni mò ń sọ fún yín.

Ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún náíńtíìsì ni. Ojú ọ̀nà tó ti Ṣàgámù lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé wa wà, ilé gígùn olórùlé páànù, tí gbogbo ara rẹ̀ ti dúdú nítorí èédú. Ìkòkò ni bàbá mi ń dà. Àwọn onípáǹtí á kó àlòkù irin fífúyẹ́ wá fún un: agolo, ọmọrí ìkòkò tó ti fọ́, písítìnì ọkọ̀ akẹ́rù tó ti jẹ. Bàbá mi á yọ́ wọn lórí iná, á dà á sínú mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi iyanrìn dúdú ṣe, tó bá tutù, wọ́n á fọ́ iyanrìn náà, ìkòkò á sì jáde bí ọmọ tuntun, pẹ̀lú ìdọ̀tí lára. Ìwé mẹ́fà ni mo kà tí ìyá mi fi kú, mo sì kúrò nílé ìwé, mo bọ́ sídìí ẹwìrì. Mi ò sunkún ìwé. Iná dùn ún wò ju pátákó lọ.

Iyanrìn nìkan kì í dá ìkòkò. Tí o bá fẹ́ kí nǹkan ní inú, àfi kí o kọ́kọ́ fi iyanrìn mọ irú inú náà, kí o gbé e sáàárín mọ́ọ̀dù, kí irin yíyọ́ yí i ká. Iyanrìn inú yìí gbọ́dọ̀ le, kó má ṣe wó nígbà tí iná bá bá a, kó sì tún rọrùn láti fọ́ kúrò. Àwọn mìíràn ń fi ògì pò ó. Ní ọ̀dọ̀ wa, ewùrà tí a rin la fi ń pò ó. Ẹ mọ bí ewùrà ṣe ń yọ̀, tí ó ń fà bí itọ́ ọmọ. Mo máa ń bù ú nínú ewùrà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi bá rin fún ìkọ́kọrẹ́, òun á sì máa pariwo pé òun ò rí ẹbí tí ń bá iyanrìn pín oúnjẹ rí. Ọjọ́ tí a bá da irin, òórùn ìkọ́kọrẹ́ jíjóná á gba àdúgbò kan, àwọn awakọ̀ tó ń kọjá á máa yọrí wò wá.

Múníráà ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Àlájì tó ń ta obì ní Ṣàgámù ni, ẹ̀yìn ọgbà wa ni wọ́n kọ́ ilé ìkóbìsí kan sí. Iṣẹ́ Múníráà ni láti máa ṣa obì. Kòkòrò wà tó máa ń wọnú obì lọ jẹ ẹ́, ojú kì í tètè rí i. Múníráà á gbé etí lé agbọ̀n, á dákẹ́, á ní, "Wọ́n wà nínú eléyìí. Wọ́n ń jẹun." Wọ́n á tú agbọ̀n náà, kòkòrò á wà níbẹ̀. Àwọn àgbà a máa rẹ́rìn-ín pé etí ológbò ló ní. Ẹnu rẹ̀ náà sì mú bí etí rẹ̀. Èmi dákẹ́, òun ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ara wa rìn.

Ọjọ́ kan ni onípáǹtí kan kó ẹrù òyìnbó kan tó ń padà sílùú rẹ̀ wá. Láàárín páànù àti ìṣó, mo rí ẹ́ńjìnì kan tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí mo lè fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀. Písítìnì kan ṣoṣo ni, fáànù onígi wà lórí rẹ̀, púlọ́ọ̀gì rẹ̀ kò ju èékánná lọ, àwọn púlọ́ọ̀gì mìíràn sì wà nínú agolo tábà kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara bàálù ìṣeré tí ẹ́ńjìnì náà ń gbé fò ti fọ́ yángá. Bàbá mi ní kí n jù ú sínú iná. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi han Múníráà." Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Irin inú rẹ̀ ti ya, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Múníráà tú u palẹ̀ sórí ẹní, ó tò ó bí ẹni ń to obì, ó wò ó títí, ó ní, "A lè ṣe é. Kí ló dé tí yóò fi jẹ́ ọ̀kan? Jẹ́ ká ṣe ìbejì." Ìbejì la kọ́kọ́ ṣe lóòótọ́, písítìnì méjì tó kẹ̀yìn síra wọn, tí wọ́n ń jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára rẹ̀ kò tó gbé pákó nílẹ̀. Múníráà ní kí ìbejì kejì wà lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, kí ọ̀pá kan ṣoṣo so gbogbo wọn pọ̀. Àwọn èèyàn rò pé eré la ń ṣe. Eré kọ́.

Ọṣẹ ìfọṣọ gígùn la fi ń gbẹ́ àpẹẹrẹ tí a ń tẹ̀ sínú iyanrìn, nítorí ọṣẹ rọ̀, ọ̀bẹ kékeré sì ń gbẹ́ ẹ. Ilé méjèèjì ń wá ọṣẹ, wọn ò rí i. Èyí tó bàjẹ́ pọ̀. Òmíràn á ní ihò bí búrẹ́dì, òmíràn inú rẹ̀ á wọ́. Písítìnì ọkọ̀ àtijọ́ nìkan ni mo ń yọ́ fún un, nítorí irin inú agolo rọ̀ jù, iná á jẹ ẹ́. Ilé tí písítìnì ń gbé inú rẹ̀, a gé e lára páìpù ṣọ́ọ̀kì alùpùpù. A ó wá fi eérú kíkúnná àti òróró máa yí písítìnì nínú ilé rẹ̀, yí, yí, yí, títí ọwọ́ á fi wú, títí tí ojú kò fi ní rí àlàfo láàárín wọn mọ́.

Bí a ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó nìyí. Wàá fi àtàǹpàkò dí ìsàlẹ̀ ilé náà, wàá fa písítìnì sókè, wàá jù ú sílẹ̀. Tí ó bá ṣe dáadáa, á dún: pọ́ǹ! Bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìgò. Tí ó bá ń jò, á ṣe fùú. Ojú kò lè sọ ọ́, etí Múníráà ló ń sọ ọ́. Ó lè jókòó ẹ̀yìn ògiri kó ní, "Èyí ń jò. Tún un yí."

Nǹkan tó mú Múníráà le kókó bẹ́ẹ̀ ni pé Àlájì fẹ́ rán an lọ sí Kánò, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gba obì tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti Ṣàgámù. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọmọbìnrin tó bá lọ báyìí, ilé ọkọ ló ń lọ. Múníráà ò fẹ́. Ó fẹ́ kọ́ lééṣì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tọ́ irin. Àlájì kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó wá sí ẹ̀yìnkùlé wa ní ìrọ̀lẹ́ kan, ó gbé ẹ́ńjìnì náà sọ́wọ́, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ọjọ́ ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́ ń bọ̀. Tí nǹkan yìí bá gbé bàálù fò níbẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, o ò lọ Kánò mọ́. Èmi fúnra mi ni n ó mú ọ lọ bá tọ́nà, oníṣẹ́ lééṣì, tó dáa, kí o kọ́ṣẹ́." Múníráà kúnlẹ̀, ó dìde, ó tún kúnlẹ̀. Gbogbo ayé rẹ̀ wà nínú irin tí kò wúwo ju iṣu kékeré kan lọ.

Láńre ni tọ́nà tó ń bá wa lu ihò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò jìnnà sí ìkòríta ńlá tí wọ́n ń pè ní Íńtáṣéǹjì, níbi tí àwọn obìnrin ń gbé búrẹ́dì àti ẹyin sá tẹ̀lé ọkọ̀. Ọkùnrin arẹwà ni, eyín rẹ̀ funfun, ó mọ èèyàn pọ́n lé. "Ẹ̀yin ìyàwó mi" ló máa ń pè wá, a ó sì máa rẹ́rìn-ín bí òmùgọ̀. Ó máa ń béèrè ọ̀rọ̀, a ó sì máa dáhùn. Ó wò wá bí a ṣe ń po òróró lárà mọ́ sípíríìtì tí a fi ń bọ́ ọ, bí a ṣe ń fi bátìrì mú púlọ́ọ̀gì pọ́n kí a tó yí fáànù. Nígbà tí ìpàtẹ ku ọ̀sẹ̀ kan, a gbé ẹ́ńjìnì náà fún un pé kó bá wa tún ojú ọ̀pá rẹ̀ tọ́. Ó ní ká padà wá. A padà lọ, ó ní kò tíì yá. A tún padà lọ, ṣọ́ọ̀bù wà ní títì.

Àárọ̀ ọjọ́ ìpàtẹ, a sáré gba Ìkẹ́nnẹ́ lọ. Láńre ló dúró láàárín pápá nínú aṣọ funfun. Bàálù kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pá ògùrọ̀ àti bébà àpò sìmẹ́ǹtì ṣe, a mọ̀ ọ́n, àwa la ṣe é, ó ti ránṣẹ́ gbà á lọ́wọ́ àwọn ará ilé pé àwa la ní kí wọ́n kó o wá. Ìbejì méjì wa wà nímú rẹ̀. Ó yí fáànù, ẹ́ńjìnì náà ké, èéfín òróró lárà bo pápá. Ó di okùn wáyà méjì tí a so mọ́ bàálù mú, bàálù gbéra, ó ń yí i po lókè bí àṣá, àwọn èèyàn ń fò, àwọn ọmọ ilé ìwé ń ké. Ẹ gbọ́ o, mo kọ́kọ́ dunnú. Ó fò! Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Orí mi ni mo fi ro ó kàn! Èmi Láńre!"

Múníráà já wọnú pápá. "Irọ́ ni! Àwa la ṣe é! Olè ni!"

Láńre wò ó, ó rẹ́rìn-ín pẹ̀lẹ́, ó kọjú sáwọn èèyàn. "Ẹ má bínú sí wọn. Ọmọṣẹ́ mi ni wọ́n, àwọn ló ń bá mi ru iyanrìn. Ẹ bá mi ra búrẹ́dì fún wọn, ebi ló ń pa wọ́n."

Ẹ̀rín yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ẹnì kan kígbe pé kí a lọ ro ìkọ́kọrẹ́. Àlájì jáde láàárín èrò, ó bi Láńre léèrè ní ọ̀wọ̀ pé ṣé ọmọ òun lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ yìí. Láńre gbé ọwọ́ sókè ọ̀run. "Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, èmi nìkan ni." Bàbá mi ti jẹ́rìí fún Àlájì ṣáájú pé àwa là ń ṣe é, ṣùgbọ́n ta ni yóò gba bàbá gbọ́ lórí ọmọ rẹ̀, nígbà tí ọkùnrin gidi kan ń fi Ọlọ́run búra lójú ìlú? Àlájì ti rí ẹ́ńjìnì náà lọ́wọ́ wa rí, ṣùgbọ́n ọmọṣẹ́ náà a máa gbé iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́; ó wo ilẹ̀. Ojú tì í ju bó ṣe bínú lọ. "Múníráà," ó ní, "ó tó."

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ akẹ́rù obì gbé Múníráà lọ. Láàárín àwọn agbọ̀n ni wọ́n ṣe àyè fún un, níwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tó ń lọ Kánò. Mi ò sunkún, òun náà ò sunkún. Ó tẹ písítìnì kan pẹ̀lú ilé rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, èyí tó ṣẹ́ kù nínú àwọn tí a ṣe àṣedànù. Ó fà á sókè létí mi, ó jù ú sílẹ̀. Pọ́ǹ. Ó ní, "Má jẹ́ kí Láńre jẹ ẹ́ gbé o." Ọkọ̀ ṣí.

Ẹ jẹ́ n sọ bí ìbínú mi ṣe rí. Kì í ṣe irú èyí tó ń hó. Bí irin tí a dà sínú iyanrìn ni: òde rẹ̀ tutù kíákíá, ó le, o lè fọwọ́ gbá a; ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì ń gbóná, tí o bá da omi sí i, á bú. Mo ń da ìkòkò lọ. Mo ń rí àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń ya sí ṣọ́ọ̀bù Láńre nítorí òkìkí bàálù. Ó ti ta ẹ́ńjìnì wa fún ọ̀gá ńlá kan láti Èkó. Bí mo bá ń kọjá, á kí mi: "Ìyàwó mi, iyanrìn ńkọ́?" Mo máa ń dá a lóhùn pé iyanrìn wà.

Ní àsìkò yẹn ni ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ṣe fírídọ́ọ̀mù nídìí iṣẹ́ wẹ́dà, mo sì bá wọn lọ. Ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ irin ní Íńtáṣéǹjì ní àṣà kan. Ọjọ́ tí ọmọṣẹ́ bá gba òmìnira, yóò gbé iṣẹ́ kan tó ṣe wá, tí a fi aṣọ bò. Wọ́n á ṣí i lójú gbogbo ọ̀gá. Alága á wá mú irin iṣẹ́, á gbé e síwájú ọ̀gá ọmọ náà, ọ̀gá náà á fi ahọ́n kàn án, á sọ pé: "Iṣẹ́ tí ọmọ yìí gbé kalẹ̀, ọwọ́ mi ló ti kọ́ ọ." Mùsùlùmí ń ṣe é, Kristẹni ń ṣe é, kò sẹ́ni tó ń bi ẹnì kejì léèrè. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́, tó ń fi ọwọ́ sábẹ́ irin tó ń yí, kò ní fi irin ṣeré. Mo wo ọ̀gá wẹ́dà yẹn bó ṣe yọ ahọ́n, mo wá mọ ohun tí mo máa ṣe. Mo kàn jẹun tán, mo lọ sílé.

Mo sọ fún bàbá mi pé mo fẹ́ kọ́ lééṣì lọ́dọ̀ Láńre. Ìgbakọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Lọ́dọ̀ ta ni?" Mo tún un sọ. Ó wò mí títí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, ó ní, "Ìyá rẹ náà kò pariwo rí." Ó mú mi lọ bá Láńre lójú àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́. Ó ní, "Ẹ sọ ní Ìkẹ́nnẹ́ pé ọmọṣẹ́ yín ni ọmọ mi. A ò fẹ́ kí ẹ di òpùrọ́. Mo mú un wá." Kí ni Láńre fẹ́ sọ? Ó gbà mí.

Ọdún mélòó kan ni mo fi gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù yẹn, tí mo fọ aṣọ ìyàwó rẹ̀, tí mo gbé ọmọ rẹ̀ pọ̀n. Mi ò hùwàkíwà sí i rí. Mo sì kọ́ iṣẹ́, nítorí Láńre mọ lééṣì, ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ó kọ́ mi dáadáa. Ó ti gbàgbé ohun tó ṣe. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ẹni tó tẹ ejò mọ́lẹ̀ ń rántí, òun gbàgbé. Nílé, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, mo ń gbẹ́ ọṣẹ, mo ń rin ewùrà, mo ń yí písítìnì nínú eérú. Mi ò ní etí Múníráà. Àfi kí n gbé e sétí, kí n di etí kejì, kí n tún un ṣe, kí n tún un ṣe.

Ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù mi pé. Mo ti lọ sí ilé obì fúnra mi, mo kúnlẹ̀ fún Àlájì, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó wá. Ó wá, ó jókòó lẹ́yìn. Láńre wọ agbádá funfun, ó jókòó sórí àga ọlọ́wọ̀, wọ́n gbé tábìlì iṣẹ́ mi síwájú rẹ̀, pẹ̀lú aṣọ lórí. Ó ti ń sọ fáwọn èèyàn pé bọ́ọ̀ṣì, òrùka irin tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀, ni mo ṣe. Alága ẹgbẹ́, bàbá arúgbó kan tí iná wẹ́dà ti jẹ ojú rẹ̀ kan, fa aṣọ kúrò. Ìbejì méjì ló jókòó síbẹ̀, tí a fi bóòtù dè mọ́lẹ̀, fáànù rẹ̀ kọjú sí èrò, ẹ̀yìn rẹ̀ kọjú sí Láńre.

Mo mú púlọ́ọ̀gì pọ́n, mo yí fáànù. Ó gbà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ ṣe sùúrù, mo gbọ́dọ̀ sọ eléyìí: òróró lárà tí mo pò mọ́ epo rẹ̀ lọ́jọ́ náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ẹ́ńjìnì náà ń tu òróró dúdú sẹ́yìn, fáànù ń fẹ́ ẹ lọ, Láńre sì la ẹnu, ó ń yangàn fún èrò pé òun ló kọ́ mi. Agbádá funfun di àdìrẹ. Àwọn ọmọṣẹ́ ń dorí kodò kí wọ́n má baà rí ẹ̀rín wọn. Wọ́n ní kò lè jáde kúrò nílé lọ́jọ́ kejì, pé inú ló ń run ún. Mi ò sọ pé òróró ni. Mo ń sọ ohun tí wọ́n sọ.

Mo pa ẹ́ńjìnì. Ó dákẹ́ wáá. Alága gbé irin ìtọ́ lééṣì síwájú Láńre. "Ọ̀gá Láńre, ẹ fi ahọ́n kàn án."

Láńre wo irin. Ó wò mí. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ó rántí. Ó nu ẹnu, ó tún nu ẹnu. "Bàbá, iṣẹ́ lééṣì ọwọ́ rẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ."

"A ò bi yín ní lééṣì. Èyí tó wà lórí tábìlì ńkọ́? Ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́?"

Ẹni tó fi Ọlọ́run búra láìgbọ̀n lójú ìlú, irin tí kò gùn ju ìka lọ ló bà á lẹ́rù. Òógùn àti òróró ń ṣàn pọ̀ lójú rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ bí ọmọṣẹ́ gidi, mo ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí irin dúró." Gbogbo ènìyàn gbọ́ ohùn rẹ̀ nígbà tó jáde, bó tilẹ̀ kéré: "Kì í ṣe ọwọ́ mi. Àwọn ló ṣe é. Òun àti ọmọ Àlájì. Ti àkọ́kọ́ náà, àwọn ni."

Mo ti ro ọjọ́ yẹn títí, mo rò pé n ó fò sókè. Mi ò fò. Mo wo ẹ̀yìn. Àlájì ti dìde dúró, ó ń bọ̀ láàárín àwọn àga. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ní, "Ọmọ mi ti bímọ ní Kánò." Ó lọ.

Ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ì bá ti fi í sílẹ̀. Èmi ò fi í sílẹ̀. Mo yá ṣọ́ọ̀bù tó dojú kọ ti Láńre, ní òdì kejì ọ̀nà, mo gbé lééṣì sẹ́nu ọ̀nà gan-an kó lè máa rí mi. Bí ọlọ́kọ̀ bá dúró, mo máa ń kí i ṣáájú. Mi ò bú Láńre rí, mi ò sì fi òògùn wá a. Mo kàn ń ṣiṣẹ́ tó dára ju tirẹ̀ lọ ní ìṣojú rẹ̀, lójoojúmọ́, títí ó fi kó irin rẹ̀ tà. Gààrí ni wọ́n ń tà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn báyìí. Gààrí wọn dára.

Ayé ti yí padà. Àwọn ọmọ ń ra bàálù tó ń fi bátìrì fò, tí ń ya fọ́tò, kò sẹ́ni tó ń yí písítìnì nínú eérú mọ́. Láti òkèèrè ni ìkòkò ti ń wá, ó fúyẹ́ bí ìwé. Òórùn ìkọ́kọrẹ́ jíjóná kò sí lójú ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ mọ́, àfi bí mo bá ń da nǹkan. Ẹgbẹ́ ṣì wà, ṣùgbọ́n ìwé ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ ní ọjọ́ fírídọ́ọ̀mù, wọn kì í gbé irin sí ọ̀gá lẹ́nu mọ́. Wọ́n ní kò mọ́. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwé, ẹnikẹ́ni ló lè kọ irọ́ sínú rẹ̀.

Láńre ti darúgbó. Dókítà ní kó máa rìn nítorí orúnkún, ọ̀nà kan ṣoṣo tó tẹ́jú fún un ni iwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Ní ìrọ̀lẹ́, á máa tẹ̀pá bọ̀. Á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Màmá." Èmi á ní, "Ẹ kú ìrìn, Ọ̀gá." A kì í ṣe àfojúdi sí ara wa. Ṣùgbọ́n ìbejì méjì mi wà lórí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, bí ó bá sì ti kan ibi tí òjìji rẹ̀ wọ ilé, mo máa ń na ọwọ́, mo máa ń yí fáànù rẹ̀ díẹ̀. Pọ́ǹ. Ejìká rẹ̀ á sì fò, bí ó ti wù kó mọ̀ pé ó ń bọ̀.

Ní ọjọ́ òórùn káásítọ̀ yẹn, mo ní kí ọmọ-ọmọ mi fi fóònù pe Múníráà ní Kánò. Nígbà tí Àlájì kú ló wálé, tí a tún rí ara wa. Ìyá àgbà lòun náà, ó ń fi Hausa lé àwọn ọmọ kúrò nídìí obì. Mo bu òróró díẹ̀ nínú ìgò dúdú kúkúrú yẹn sínú ẹ́ńjìnì, mo ní kí ọmọ náà gbé fóònù sún mọ́ ọn, mo yí fáànù. Pọ́ǹ.

Múníráà tẹ́tí sí i. Ó ní, "Ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀yìn ti ń jò."

Mo ní ojú mi ni kò ríran dáadáa mọ́.

"Ṣé Láńre ṣì ń kọjá?"

Mo yọrí wo òde. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ lórí ọ̀nà, ọ̀pá rẹ̀ sì ti ń dún bọ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn onígààrí. Mo ní, "Ó ń bọ̀ yìí."

Ó ní, "Jẹ́ kó dé iwájú rẹ. Kí o tún un yí."